Àkọsílẹ̀ ìdílé lórí ayélujára: èwo ló tó sanwó fún, èwo ló wà lọ́fẹ̀ẹ́?

Àbẹ̀kẹ́ Manchester

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ìtàn ìdílé bàbá mi ni mò ń wá. Bàbá àgbà wa, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó wá sí Liverpool láàárín 1950 sí 1960. Wọ́n kàwé níbí, wọ́n sì padà sílé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé máa ń sọ pé Sàró ni bàbá wọn àgbà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, pé òun náà ló fà á tí orúkọ ìdílé wa fi jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ lórí FamilySearch. Ancestry àti Findmypast ní kí n wá san owó ọdún kan, owó ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣé kí n san án? Èwo nínú wọn ló ní nǹkan tó kan ọmọ Yorùbá? Àbí èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Ìbàdàn níbí nìyí, mo máa ń bá àwọn ènìyàn wá ìwé àtijọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹ tó mú káàdì jáde, torí ìbéèrè lèèyàn ń sanwó fún, kì í ṣe sáìtì. "Mo fẹ́ mọ̀ nípa ìdílé mi" kò tíì di ìbéèrè. "Ọkọ̀ wo ni bàbá àgbà wọ̀ dé Liverpool, ọdún wo ni, ta ni wọ́n sì dé sí lọ́dọ̀?" Ìyẹn ní ìdáhùn, a sì mọ ibi tí ìdáhùn rẹ̀ wà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó wọ̀nyí, ìwé tí ìjọba Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà kọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn: ìkànìyàn, ìwé ìbí, ìwé ológun, ìwé orúkọ èrò ọkọ̀. Ìdílé Yorùbá kì í sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹnì kan nínú wọn bá sọdá òkun tàbí tó bá òyìnbó ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ìdílé yín bá gbà kọjá ni kí owó yín tẹ̀ lé. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ kò kúrò ní Ìsẹ́yìn rí, iye yòówù kó san lórí Findmypast, kò ní bá a níbẹ̀.

Ìwé tiwa wà nílé. National Archives Nàìjíríà ní ẹ̀ka ńlá mẹ́ta, ní Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni tiwa wà. Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, ti Ọ̀yọ́, ti Abẹ́òkúta, ti Ìjẹ̀bú, ìwé àwọn míṣọ́nárì C.M.S. náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí orúkọ ìdílé lọ́pọ̀ yanturu, inú fáìlì ìjà oyè àti ìjà ilẹ̀ ni kí ẹ wá, nítorí ẹni tó ń du oyè gbọ́dọ̀ to ìran rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún ajẹ́lẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Orogún ìdílé á sì kọ tirẹ̀ láti já a ní koro. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Wọn kò sí lórí ayélujára, ènìyàn ní láti lọ jókòó kà wọ́n.

Bọ́dé Peckham

Ti Liverpool yẹn, mo lè dáhùn ẹ̀ tààrà. Ìjọba Ìlú Ọba tọ́jú ìwé orúkọ èrò inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀ láti òkèèrè, láti 1878 títí dé 1960. Ìwé náà gan-an wà ní National Archives ti Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, BT 26 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí Ancestry. BT 27 ni ti àwọn tó ń jáde lọ, láti 1890 sí 1960. Findmypast ní in, Ancestry náà ní in, nítorí náà ẹni tó fẹ́ wá àlọ àti àbọ̀ kò nílò ju Ancestry nìkan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń wà lójú ìwé náà. Orúkọ ọkọ̀ àti èbúté tó ti gbéra máa ń wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ èrò, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ń lọ dé sí ní Ìlú Ọba. Àdírẹ́sì yẹn ni kí ẹ gbá mú. Ó lè jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ti ilé tí WASU ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí, ìyẹn ẹgbẹ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Bó bá jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ti mọ ibi tí lẹ́tà yín tó kàn yóò lọ nìyẹn.

Elder Dempster ló ní àwọn ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Liverpool nígbà náà: Apapa, Accra, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá wọ́n rántí orúkọ ọkọ̀. Ẹni tó bá ọkọ̀ òfurufú wá kò sí nínú ìwé yìí, ẹni tó dé lẹ́yìn 1960 náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ má tíì sanwó o. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba níbí ló ti sanwó Ancestry tàbí Findmypast sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè lò ó lórí kọ̀ǹpútà wọn láìná kọ́bọ̀. Manchester Central Library wà nítòsí yín ní St Peter's Square, ó wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti ń wo ìkànìyàn 1921 ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ béèrè ohun tó wà. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lọ sí Kew, ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀ náà.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ sí ilé ìkàwé náà, wọ́n sì gbà mí dáadáa. Mo tẹ orúkọ ìdílé wa pẹ̀lú orúkọ bàbá àgbà, òyìnbó funfun ló ń jáde ṣáá. Mo wá tẹ orúkọ Yorùbá wọn, kò sí ẹnì kankan. Kí ni kí n tún ṣe?

Ìyá Ìbejì Aké

Ọmọ mi, má rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó tẹ ìwé yẹn sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ẹni tó tún un kọ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ wa ti gba ọwọ́ àjèjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣ lè di S tàbí Sh. Ọ lè di O, Or tàbí Aw. Ṣówándé lè jáde bíi Sowande, Shawande tàbí Sowandi. Ibi tí o kò bá dá lójú, fi àmì ìràwọ̀ sí i, bíi S*w*nd*, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo èyí tó jọ ọ́ jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ àbísọ ni wọ́n kọ sí ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà.

Bó bá tún kọ̀, yọ orúkọ kúrò pátápátá. Fi Lagos sí èbúté tí wọ́n ti gbéra, fi ọdún sí i, fi iye ọjọ́ orí sí i, kí o wá máa ka orúkọ èrò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ. Ojú rẹ á dá ohun tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀.

Ohun kan tún wà. Ìwọ kó gbogbo orúkọ wọn jọ: orúkọ ìrìbọmi, àbísọ, oríkì, àti èyí tí wọ́n ń pè wọ́n níléèwé. Àwọn ọmọ Sàró máa ń pààrọ̀ orúkọ. Mọ́jọlá Àgbébí tí gbogbo ayé mọ̀, David Brown Vincent ni wọ́n ń jẹ́ títí di 1894. Ẹni tó bá ń wá Àgbébí nínú ìwé 1880, yóò wá a tì.

Ìwé ìrìbọmi ńkọ́? Púpọ̀ nínú tiwa ṣì wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe lórí fóònù. Ìjọ St. Peter's Aké níbí ti wà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí o bá mọ ìjọ tí bàbá rẹ àgbà ti ṣèrìbọmi, kọ lẹ́tà sí fíká, dárúkọ ọdún tí o rò, kí o sì fi ọrẹ ìdúpẹ́ ránṣẹ́. Má kàn pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú kí o ní kí wọ́n wá a fún ọ.

Ọmọ Sàró Olówógbowó

Mo fẹ́ dá sí ti Sàró, torí ibẹ̀ ni mo ti wá, ó sì dùn mọ́ mi pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí òfin Ìlú Ọba ti fòpin sí òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, ní Sierra Leone. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, akọ̀wé ilé ẹjọ́ á kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti bí onítọ̀hún ṣe ga tó. Ilé ẹjọ́ tó wà ní Havana, ní Kúbà, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ènìyàn 91,491 láti inú àwọn ìwé náà wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní African Origins, ẹ máa rí i lórí SlaveVoyages, níbi tí ìrìn àjò ọkọ̀ akẹ́rú tó lé ní 36,000 wà. Ètò British Library tí wọ́n ń pè ní Endangered Archives Programme ya fọ́tò ìwé tó wà ní Freetown pẹ̀lú.

Ẹ ka àwọn orúkọ yẹn sókè, ẹ má fi ojú lásán kà á. Òyìnbó ló kọ wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pè é jáde lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ Òjó, ẹ ó gbọ́ Àìná, Ìgè, Dàda, Ìdòwú. Ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo máa ń dìde kúrò nídìí rẹ̀ kí n tó lè padà jókòó. Àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ sì ń fẹ́ kí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà bá wọn sọ orúkọ wo ló jẹ́ ti ibo. Iṣẹ́ tiwa ni, kò yẹ ká fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ má kánjú o. Òjó tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá pọ̀ nínú ìwé yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ tán, wọ́n á mú un lọ sí abúlé tàbí iléèwé míṣọ́n, wọ́n á fún un ní orúkọ tuntun, ìwé kì í sì í sábà sọ pé Òjó yìí ló di Williams yẹn. A mọ ti Àjàyí Crowther torí pé òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀: wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Myrmidon gba ọkọ̀ Esperança Felix tó wà nínú rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Bí ìdílé yín kò bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àlàfo yẹn yóò wà níbẹ̀, kò sí sáìtì olówó tó lè dí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè dí i fún yín tí ẹ bá sanwó, ẹ yẹra fún un.

Àgùdà Pópó

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Bràsíílì kún un fún àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ da Silva, Pereira, da Costa, Martins. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador, ní Bahia, ní oṣù kìíní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, wọ́n sì padà wá sí Èkó, Àgùé, Wídà, Porto-Novo. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ìdílé Àgùdà ní Èkó, ẹ wá orúkọ kan náà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n máa ń jẹ́.

Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé Bràsíílì ti jó gbogbo ìwé ẹrú níná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí Rui Barbosa, mínísítà ètò ìṣúnná wọn, pa ní oṣù Kejìlá 1890, ìwé ilé ìṣúra owó ló bá wí. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé agbẹjọ́rò àti ìwé ìhágún ṣì wà. Fọ́tò ìwé ìrìbọmi Bahia wà lórí FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní atọ́ka, ojú ewé kan tẹ̀ lé èkejì lẹ máa ṣí. Nagô ni wọ́n kọ fún ọmọ Yorùbá. Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n kọ, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Kúbà sì pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Slave Societies Digital Archive tí Yunifásítì Vanderbilt ń bójú tó. Ìwé ìròyìn àtijọ́ Bràsíílì wà lórí sáìtì Hemeroteca ti ilé ìkàwé ìjọba wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹ bá máa náwó lórí Bràsíílì, ẹ fi san ẹni tó lè ka ìwé ọwọ́ Potogí àtijọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ níye lórí fún ìdílé Àgùdà ju sáìtì mẹ́wàá lọ.

Ìyá Houston

Ní Amẹ́ríkà níbí, ìwé Freedmen's Bureau, àjọ ìjọba tó ń ran àwọn tó bọ́ lóko ẹrú lọ́wọ́, 1865 sí 1872, ọ̀fẹ́ ni lórí FamilySearch, ọ̀fẹ́ ni lórí Ancestry náà. Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé ẹrú 1850 àti 1860, orúkọ olówó wọn ló wà níbẹ̀, tiwọn kò sí, àfi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n.

Mo máa ń sọ ti Kossola fún àwọn ọmọ mi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé e dé Mobile, ní Alabama, ní 1860, ó sì wà láyé títí di 1935. Ìwé ìkànìyàn ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìlú rẹ̀. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ilé ni àwọn onímọ̀ fi tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá agbègbè Bantè, ní Bẹ̀nẹ̀.

Ti DNA, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó fi itọ́ yín ránṣẹ́. 23andMe, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ DNA wò, kéde gbèsè nílé ẹjọ́ ní oṣù kẹta 2025, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú ohun tí àwọn ènìyàn ti fún un. Káàdì lè yí padà, ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé yí padà.

Tọ́pẹ́ Leeds

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n èmi ń sanwó, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Mọ́mì mi kò lè rìn dáadáa mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ilé ìkàwé ti ń tì kí n tó ráyè. Lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ ni àsìkò tèmi, sáìtì olówó nìkan ló sì ń dúró dè mí ní agogo yẹn. Kódà FamilySearch tí gbogbo wa ń yìn, àwọn fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí kò ní ṣí nílé, àfi kí ènìyàn lọ sí ibùdó wọn tàbí ilé ìkàwé tó bá wọn ní àdéhùn. Ọ̀fẹ́ náà ní owó ọkọ̀ tirẹ̀.

Atọ́ka náà ńkọ́? Ẹnì kan jókòó tẹ orúkọ mílíọ̀nù ènìyàn sílẹ̀. Iṣẹ́ ni, owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kó ìbéèrè jọ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, mo máa san owó oṣù kan, mo máa wá gbogbo rẹ̀ tán, mo máa gba fọ́tò kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé náà, n ó sì fagi lé e. N kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ọ̀rọ̀ yín tọ́, Tọ́pẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú abiyamọ tàbí arúgbó kò ní àkókò bíi tèmi tí mò ń jókòó ti ìwé lójoojúmọ́. Mo fara mọ́ owó oṣù kan yẹn dáadáa.

Bọ́dé Peckham

Ẹ fi èyí kún un. Ancestry máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 14 láti tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n wọ́n á gba káàdì, bí ọjọ́ bá sì pé, wọ́n á yọ owó. Ẹ fi áláàmù sórí fóònù fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ rántí pé dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà, báǹkì lè bu owó kún un fún yín. Ẹ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà ní òkè òkun kó bá yín wo ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń wá.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo tún rántí àwọn ọ̀fẹ́ mìíràn tí àwọn èèyàn wa kì í sábà mọ̀. Gazettes.africa ní gásẹ́ẹ̀tì ìjọba Nàìjíríà. Bí bàbá àgbà yín bá jẹ́ tíṣà ìjọba, òṣìṣẹ́ rélùwéè, nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé kóòtù, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gba ìgbéga àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Archivi.ng náà ń ya fọ́tò ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ayé àtijọ́ bíi Lagos Weekly Record, yunifásítì ni wọ́n ta fọ́tò wọn fún, kò sí bí ẹnì kan ṣe lè rà á fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ní yunifásítì òkè òkun, kí ọmọ náà bi ilé ìkàwé wọn léèrè.

Fún àwọn tó lọ sógun Boma, Commonwealth War Graves Commission ní orúkọ àwọn tó kú lórí sáìtì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ló sì wà lára òpó ìrántí Rangoon tó wà ní Taukkyan. Ti Ogun Àgbáyé Kìíní yàtọ̀. Àjọ náà fúnra rẹ̀ gbà nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2021 pé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ má gbà pé kò lọ.

Igi ìdílé tí ẹlòmíràn ti gbìn sórí sáìtì, yálà ọ̀fẹ́ tàbí olówó, ẹ wò ó, ẹ má kàn kó o. Mo ti rí èyí tó lọ tààrà títí dé Odùduwà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí. Kò sí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ti FamilySearch, igi kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń kọ sí, àlejò lè yí orúkọ bàbá yín padà, nítorí náà ẹ ní ẹ̀dà tiyín nílé.

Ẹ má kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè síta o. Orúkọ tí ìyá yín ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ, òun ni báǹkì fi ń dá yín mọ̀. Àwọn onígbàjúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àlàbí Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ̀rọ̀ òyìnbó pọ̀ ju ti ilé lọ.

Ọmọbìnrin Manchester, ta ló dàgbà jù nínú ìdílé yín báyìí? Pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Má béèrè ọdún lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní rántí ọdún. Béèrè pé: oríkì orílẹ̀ wa ńkọ́? Kí lèèwọ̀ wa? Ilà wo ni wọ́n ń kọ nílé wa? Agbo ilé wo ni wọ́n ti máa ń pè wá wá ṣèpàdé? Ta ló sin ìyá àgbà, ibo ni wọ́n sin wọ́n sí? Bí wọ́n bá ń ki oríkì, jẹ́ kí wọ́n kì í tán, má dá wọn lẹ́nu. Ká a sórí fóònù. Ìlú tí ẹ ti ṣí wá kó tó di Abẹ́òkúta wà nínú oríkì yẹn, kò sì sí níbòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ wá ìwé ètò ìsìnkú. Ìtàn ayé olóògbé wà nínú rẹ̀, ìlú tí wọ́n bí wọn sí, iléèwé, ìjọ, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sí Ìlú Ọba pàápàá. Ẹ wá kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ẹ̀yìn fọ́tò níbi tí wọ́n ti fi bírò kọ ọjọ́ sí. Ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n búra fún ní kóòtù, ẹ fi ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọjọ́ orí iṣẹ́ ìjọba àti ọjọ́ orí ti ìyá wa. Bí àwọn àgbà bá ní ilẹ̀ l'Ékòó, ìwé ìhágún wọn lè wà ní kóòtù gíga ti Èkó, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún, àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀ tìyátìyá.

FamilySearch yẹn, mo gbọ́ pé wọ́n ń rán àwọn ènìyàn láti gba ìtàn ìdílé lẹ́nu àgbà sílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára ẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n. Ọmọ ilé ni ìyá àgbà máa ń sọ ti inú fún.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Mo yọ orúkọ kúrò bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo fi Lagos àti 1950 sí 1955, mo wá ń ka orúkọ lọ. Mo rí wọn! Inú Apapa ni wọ́n bá dé. Orúkọ òyìnbó ìdílé wa ti sọ lẹ́tà kan nù láàárín, wọ́n sì kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Yorùbá wọn nìkan. Ọjọ́ orí bá a mu, "student" ni wọ́n kọ síbi iṣẹ́. Ní Leeds ni wọ́n ń lọ dé sí. Gbogbo wa ló rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kàwé.

Mo ti pe àǹtí bàbá mi ní Ìtokò. Wọ́n ní kí n padà pè ní ọjọ́ Sátidé, pé àwọn fẹ́ kọ́kọ́ sinmi kí àwọn tó kì í, torí ó gùn.

Tọ́pẹ́ Leeds

Leeds kẹ̀! Ẹ fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní yunifásítì náà, ẹ sọ pé ọmọ ọmọ wọn ni yín, ẹ fi ẹ̀dà ojú ìwé ọkọ̀ yẹn tì í.

Ọmọ Òkè-Àdó

Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé yẹn, ẹ kọ nọ́ńbà BT 26 tó wà lábẹ́ fọ́tò náà sílẹ̀, orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó gúnlẹ̀, àti nọ́ńbà orí ìlà tí orúkọ wọn wà. Bí ọjọ́ Sátidé bá sì kọjá, ẹ wá sọ ìlú tí oríkì yẹn dárúkọ fún wa, n ó wo fáìlì ajẹ́lẹ̀ tó bá a mu ní Ìbàdàn níbí.